Dẹ́sítọ́ọ̀pù wo la lè rà sílé tówó ò fi ní ṣòfò?

Bàbá Mẹ́ta, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ ra dẹ́sítọ́ọ̀pù kan sílé, owó tá a fi ọdún kan gbáko tọ́jú ni, mi ò fẹ́ kó bọ́ sómi rárá. Tíṣà nìyàwó mi, òun ló máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fáwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀, àkọ́bí wa máa ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn méjì tó kù ń ṣe họ́múwọ̀ọ̀kì wọ́n tún fẹ́ máa wo fídíò. Láptọ́ọ̀pù méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín ọdún mẹ́rin, ọ̀kan já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ojú ẹ̀ fọ́, èkejì ibi tí wọ́n ti ń ṣí i ló kán, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n ra èyí tó máa jókòó sójú kan ní pálọ̀, tí gbogbo wa á máa rí ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ ò ju ₦350,000 lọ, mọ́nítọ̀ àti gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ o. Ẹnì kan ní òun á fún mi ní "core i5" tòkunbọ̀, èyí tó gùn gbọọrọ yẹn, pẹ̀lú mọ́nítọ̀, ₦140,000. Ṣé kí n gbà á? Iná tiwa náà ò dúró, ẹ máa rántí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Òtìgbà:
Bàbá Mẹ́ta, ẹ dákun ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé i5 wo ni, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Intel ń ṣe. Ó pẹ́ tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village n'Íkẹjà, ibi tí wọ́n ti ń jẹ owó èèyàn gan-an nìyẹn. i5-2400 jáde lọ́dún 2011, i5-8500 jáde lọ́dún 2018, i5 náà ló wà lára sítíkà àwọn méjèèjì, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ọ̀kan náà ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 yẹn ni kẹ́ ẹ wò, tó bá jẹ́ 2 ló ṣáájú, jẹnẹréṣọ̀n kejì ni, tó bá jẹ́ 8, ìkẹjọ. Ẹ má ra èyí tí ò tó ìkẹjọ, torí Windows 11 ò gba Intel tó kéré sí i, Windows 10 sì rèé, 14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ dúró. Àwọn kan á ní àwọn mọ bá a ṣe ń fọgbọ́n fi Windows 11 sí èyí tó ti pẹ́, ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú, ta ló máa dá yín lóhùn?

Tó bá jẹ́ ilé mi ni, mini ni mo máa rà, èyí tí ò ju Bíbélì ńlá kan lọ. HP EliteDesk 800 G4, Dell OptiPlex 3060, Lenovo M720q, èyí tẹ́ ẹ bá rí nínú wọn. Àwọn ọ́fíìsì ìlú òyìnbó ló máa ń lò wọ́n fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n bá ti ra tuntun wọ́n á kó wọn jáde, ọkọ̀ ojú omi á kó wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wá lẹ́tà T lẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀: i5-8500 lásán, 65W ni iná tí wọ́n kọ fún un, i5-8500T, 35W. Níbi tí iná wa dé yìí ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB, SSD (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí, tí kò sí ohun tó ń yí nínú ẹ̀) 256GB, ó tó ilé yín. Ẹ má gba hard disk.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ọ̀rọ̀ hard disk tẹ́ ẹ sọ yìí wọ̀ mí lára. A ra ńlá kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tó ní hard disk onírin tó ń yí nínú, kò sí UPS, ìyẹn bátìrì tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà tíná bá lọ, mo ní tówó bá tún dé màá rà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan iná lọ iná dé ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, ìgbà tá a tún máa tàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú, ojú ẹ̀ dúdú kirikiri, lẹ́tà funfun bíi mélòó kan wà lókè, ó parí. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ àwọn ìbejì mi ló wà níbẹ̀, a ò rí ẹyọ kan gbà padà. Bàbá Mẹ́ta, ẹ yọ owó UPS sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé. 650VA ni agbára UPS tèmi báyìí, ó máa ń gbé mini àti mọ́nítọ̀ bíi ogún ìṣẹ́jú, mo máa ń ráyè sefù iṣẹ́ mi kí n sì pa á bó ṣe yẹ. Ẹ tún máa kó fọ́tò yín sí flash, kẹ́ ẹ má fi síbì kan ṣoṣo.

Adé Ṣàgámù:
Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ọn. Láptọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ tún rà, bátìrì inú ẹ̀ ni UPS ẹ̀, tíná bá lọ ẹ ó máa báṣẹ́ yín lọ ni.

Tíṣà Físíìsì:
Adé, èyí tó bá jẹ́ tuntun nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí owó yẹn máa rà, bátìrì ẹ̀ ti gbó kó tó délẹ̀ yìí, ẹ ó kàn máa ra bátìrì kún bátìrì ni. Ti ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ló ká mi lára jù. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì, A, B, C, D lèèyàn fi ń mú ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó ti kọjá. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tó jẹ́ fóònù nìkan ló fi ń kọ́ra, ó dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ọwọ́ ẹ̀ ń wá N kiri lórí kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀ ò sí lórí ìbéèrè mọ́. Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù gidi fún un, kó máa lò ó lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n Òtìgbà:
Ẹ ṣeun tíṣà. Bàbá Mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ní kó tàn án lójú yín. Bó bá ṣe ń tàn ẹ máa tẹ F10 tó bá jẹ́ HP, F2 tó bá jẹ́ Dell, kẹ́ ẹ lè wọ ibi ètò inú ẹ̀. Tó bá béèrè páàsíwọ̀ọ̀dù, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un, ilé iṣẹ́ tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ló tì í pa, wàhálà lẹ fẹ́ fowó rà yẹn. Tó bá ti wọ Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ síbi Performance, ibẹ̀ lẹ ti máa rí orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, ẹ má wo sítíkà rárá. Ẹ gbé CrystalDiskInfo sórí flash lọ, á sọ bí ara SSD ẹ̀ ṣe le tó. Kẹ́ ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀, púpọ̀ nínú EliteDesk yẹn, ihò DisplayPort ni wọ́n ní fún wáyà mọ́nítọ̀, kò sí ti HDMI, kẹ́ ẹ má lọ gbé e dé Ìbàdàn kí wáyà mọ́nítọ̀ máà wọlé. Àwọn kan ò ní Wi-Fi nínú, ẹ bèèrè.

Bàbá Mẹ́ta, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ní kí ọkùnrin tó fẹ́ ta ti ₦140,000 yẹn ka nọ́ńbà ẹ̀ fún mi, i5-2400 ni lóòótọ́. Mo wọkọ̀ lọ s'Íkẹjà ní Sátidé, OptiPlex 3060 mini ni mo rà, i5-8500T, 8GB, SSD 256GB, ara ẹ̀ ṣì wà ní 96%. Mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù, UPS, nǹkan Wi-Fi kékeré, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦338,000. Àbíkẹ́yìn wa ti fi ìka kan wá lẹ́tà orúkọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé, ó ní ká má pa á rẹ́. Ohun kan ló ṣẹ́ kù: tá a bá ti yọ ọ́ lára iná, aago ẹ̀ á padà sí ọdún tó ti lọ, Google ò sì ní ṣí, á máa sọ pé ibẹ̀ ò ní ààbò.

Ẹ̀gbọ́n Òtìgbà:
Ẹ kú oríire. Bátìrì pẹlẹbẹ rìbìtì kan ló wà nínú ẹ̀, CR2032, ó ti kú ni, àwọn tó ń ta aago ní in. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú ìdè ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ sì ṣí ìdérí, ẹ fi tuntun sí i, ojú tí wọ́n kọ̀wé sí ni kó wà lókè. Tẹ́ ẹ bá tàn án padà, ẹ tẹ F2, kẹ́ ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe níbẹ̀.