Irọ́ kọ́, àṣìrò ni: orúkọ wo ló yẹ àwíjàre tí kò dúró?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fallacy, ìyẹn àwíjàre tí kò dúró, ní "irọ́ ìrònú". Àwọn kan ní "ẹ̀tàn ọ̀rọ̀" ló wọ̀ jù. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ kí a yanjú rẹ̀ kí orúkọ tí kò bá a mu tó wọ ìwé ọmọ ilé-ìwé.

Àwíjàre ni mo máa pe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tò pọ̀ láti fi hàn pé òun jàre. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ìdí tí a gbé kalẹ̀, ìparí èrò, àti okùn tó so ìdí mọ́ ìparí. Irọ́ lè wà nínú ìdí, ó sì lè wà nínú ìparí. Ohun tí a ń wá orúkọ fún kò sí nínú méjèèjì yìí. Okùn ló já. Ẹ wo èyí: "Dókítà ni bàbá mi, nítorí náà afárá Third Mainland gùn ju afárá Carter lọ." Bàbá náà lè jẹ́ dókítà lóòótọ́, afárá Third Mainland sì gùn jù lóòótọ́, ó lé ní kìlómítà 11. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ àwíjàre náà kò dúró rárá. Tí a bá pè é ní irọ́, ẹni tó sọ ọ́ á kàn ní kí a lọ wọn afárá wò, á sì gbà pé òun ti borí. Òdìkejì rẹ̀ náà burú: ẹni tó rí i pé okùn já, tó wá ń pariwo pé irọ́ ni ìparí. Kò tíì mọ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ìdí yìí kò gbé ìparí yìí lọ.

Ní ti "ẹ̀tàn", ẹ̀tàn gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́tàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe àwíjàre tí okùn rẹ̀ já ló gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹ lọ sọ fún ìyá ọlọ́jà kan ní Ìdúmọ̀tà pé "Mà, ẹ̀tàn lẹ ń sọ," ẹ ti di ọ̀tá. Ẹ ní "Mà, bóyá ẹ ṣì í rò níbí," wọ́n lè bi yín pé níbo. Ìbéèrè "níbo" yẹn gan-an la fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àṣìrò. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: àṣìṣe, àṣìsọ, àṣìgbọ́, àṣìkọ. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á mọ ibi tó ti wá. Wọ́n ti ta kò ó pé àṣìrò lè jẹ́ èrò lásán tí kò tọ̀nà, bí ẹni tó rò pé Ọjọ́rú ni òní nígbà tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Kí a kọ ọ́ ní kíkún, "àṣìrò àwíjàre", nígbà àkọ́kọ́ nínú ìwé, kí a wá gé e kúrú lẹ́yìn náà.

Orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì pọ̀ sí. Nínú ìwé tí Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, kọ lórí àṣìrò, 13 ló kà: 6 láti inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, 7 láti òde ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú 6 yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí ohùn ló dá lé. Gíríìkì ayé rẹ̀ náà ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ láìsí àmì lè yí ìtumọ̀ padà láàárín ìdí àti ìparí. Ojoojúmọ́ nìyẹn lórí fóònù wa. Obìnrin kan tẹ "Oko mi wa ni Oyingbo" ránṣẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ tó gbé sí Òyìngbò ló ń sọ. Ẹni tó gbà á kà á sí ọkọ, ó wá fi ṣe ẹ̀rí pé obìnrin náà purọ́ nígbà tó ní òun kò tíì lọ́kọ. Mo dábàá àṣìrò ohùn. Oògùn rẹ̀ ni kí a kọ àmì, tàbí kí a béèrè kí a tó dájọ́.

Èyí tó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù ni ti gbólóhùn tó ní "bí". Ẹ jẹ́ ká fi afárá mẹ́ta tó so Èkó mọ́ òkè odò yẹ̀ ẹ́ wò: Carter láti Ìdó sí Ìdúmọ̀tà, afárá Èkó láti Ìjọra sí Àpọ́ńgbọ́n, Third Mainland láti Òwòrońṣòkí sí Adéníji Adélé. Ká gbà pé òótọ́ ni gbólóhùn yìí: "Bí wọ́n bá ti Third Mainland, ọkọ̀ á tò lórí Carter." Ọ̀nà mẹ́rin ni ènìyàn lè gbà lò ó.

Wọ́n ti Third Mainland, nítorí náà ọkọ̀ ń tò lórí Carter: ó dúró. Ọkọ̀ kò tò lórí Carter, nítorí náà wọn kò ti Third Mainland: èyí náà dúró digbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn máa ń fura sí i. Ọkọ̀ ń tò lórí Carter, nítorí náà wọ́n ti Third Mainland: kò dúró. Tírélà lè ti ṣubú ní Ìdó, ọjà ọdún sì lè ti gba títì ní Ìdúmọ̀tà. Wọn kò ti Third Mainland, nítorí náà ọkọ̀ kò ní tò lórí Carter: kò dúró, fún ìdí kan náà.

Orúkọ tí mo mú wá fún ìkẹta ni àkàsẹ́yìn, torí ẹni náà ka gbólóhùn "bí" láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Wọ́n ti dábàá "àkọ̀sẹ́yìn" fún ìkẹrin. Mi ò rò pé a nílò rẹ̀. Ọ̀kan yìí àti èkejì sún mọ́ra jù létí, pàápàá láàárín ariwo kíláàsì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n nídìí: ẹni tó ní "bí wọn kò bá tì í, ọkọ̀ kò ní tò" ti sọ pé "bí ọkọ̀ bá tò, wọ́n tì í ni." Kí àkàsẹ́yìn kó méjèèjì. Aristotle fúnra rẹ̀ fi òjò ṣàlàyé ìkẹta: torí pé ilẹ̀ máa ń tutù lẹ́yìn òjò, àwọn ènìyàn rí ilẹ̀ tútù, wọ́n ní òjò ti rọ̀. Ní Èkó tiwa, páìpù lè bẹ́, gọ́tà lè kún, ọ̀sà sì lè ru wọ àdúgbò láìsí ẹ̀kán òjò kan.

Fún àṣìrò tó ń sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé òmíràn, òmíràn yẹn ló fà á, òwe wa ti sọ orúkọ rẹ̀ tán: Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Àṣìrò àjẹ́-ké-lánàá ni kí a pè é. Àwọn kan ní a ń ba òwe jẹ́, torí ẹni tó ń pa á gbà pé òótọ́ ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n òwe náà dára fún fífura sí ẹni, kò sì tó fún dídájọ́. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Balógun ní ọjà òun kú láti ìgbà tí aládùúgbò tuntun ti ṣí ìsọ̀ lóṣù Kìn-ín-ní. Ohun mẹ́ta ni kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ọjà àwọn ìsọ̀ tó jìnnà sí ti aládùúgbò náà kò kú? Báwo ni oṣù Kìn-ín-ní ti èṣí ṣe rí, torí gbogbo ọjà ló máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì? Kí ló tún yí padà lásìkò náà, bí owó dọ́là tàbí owó ọkọ̀? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tọ́ka sí aládùúgbò, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹ̀rí.

Lórí ad hominem, ìyẹn kí ènìyàn dojú kọ ẹni tó sọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀ tó sọ, èyí tí wọ́n dábàá ni àfèébúfèsì. Ó dùn létí, àmọ́ kò gbà tó. Èébú nìkan kì í ṣe àṣìrò. Ènìyàn lè bú ọ tán kó sì tún fi ẹ̀rí tó dúró gbá ọ̀rọ̀ rẹ wó. Bákan náà, a lè fi ẹni fèsì láìsí èébú. Ajẹ́ńtì ní ilé kan ní Lẹ́kí kì í kún omi, ẹnìkan wá ní, "Owó kọmíṣọ̀n ló ń wá, nítorí náà omi ń wọ ilé yẹn." Kò bú u. Mo yan àfẹnifèsì, torí ẹni ló fi dípò ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ajẹ́ńtì nìkan la ní, èrè tó ń retí jẹ́ ìdí pàtàkì láti má tètè gbà á gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe àṣìrò. Àṣìrò ni láti fi èrè yẹn parí èrò lórí ilé náà. Ilé ni kí a lọ wò: ṣé ìlà omi wà lára ògiri, ṣé ọ̀dà ìsàlẹ̀ ń bó, ṣé wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà?

Àfọ̀wọ̀gbà ni mo fẹ́ fún èyí tí John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi orúkọ Látìnì tó tan mọ́ ìtìjú àti ọ̀wọ̀ pè. Ohun tó ń sọ ni pé ojú ń ti ènìyàn láti tako ẹni ńlá. Ó bá wa mu ju "ẹ̀rí àgbà" lọ, torí ẹ̀rí àgbà tó mọ iṣẹ́ dára. Tí oníná bá ní wáyà yìí kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ gbà á. Tí ó bá ní torí òun jù yín lọ ni egbòogi kan ṣe ń wo ibà sàn, àfọ̀wọ̀gbà nìyẹn.

Àwọn tó kù kò le. Ìwọ-náà-ńkọ́ fún ẹni tó fi àléébù ẹni tó bá a wí fèsì dípò kó dáhùn ọ̀rọ̀, méjì-péré fún ẹni tó fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹ̀kẹta, àyípo fún ìparí tó ti fara pamọ́ sínú ìdí, àti ìka-dọ́gba fún ẹni tó fi kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kan dá gbogbo kọ̀ńdọ́ lẹ́jọ́. Gbogbo wa là ń sọ wọ́n tẹ́lẹ̀, kí a kàn kọ wọ́n sílẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni straw man, ìyẹn kí ènìyàn yí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì padà kó tó bá a jà. "Ọkùnrin koríko" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìpàdé àwọn ayálégbé kan ní Súrùlérè, ẹnìkan ní kí a má gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé ẹlòmíì. Èsì tó gbà ni, "Ẹ ní ká máa gbé inú òkùnkùn, a ò gbà!" Ọ̀rọ̀ tí ó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni "Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu." Nítorí náà mo mú àfisínilẹ́nu wá. Àléébù rẹ̀ ni pé apá kan ṣoṣo ló sọ. Ó sọ bí wọ́n ṣe yí ọ̀rọ̀ náà padà, kò sọ bí wọ́n ṣe wá gbá ayédèrú yẹn wó tí wọ́n sì ní àwọn ti borí. Ẹni tó bá ní èyí tó kó méjèèjì pọ̀, tí kò sì ju ọ̀rọ̀ kan lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá. Kó tó dé, àfisínilẹ́nu ni mo máa lò.