Ṣé aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò dì, tí wọn kò sì rẹ, ṣì ń jẹ́ àdìrẹ?

Ọmọ Kẹ́mta: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra aṣọ kan ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, mo sì fi han ìyá àgbà pé àdìrẹ ni. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó funfun ju iwájú lọ, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló dì í? Ta ló rẹ ẹ́?" Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ọjà ń pè é nìyẹn. Ṣé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni?

Aláró Ìtòkú: Ọmọ mi, òótọ́ ni ìyá àgbà sọ, nítorí pé bí a ti ń ṣe aṣọ náà ni orúkọ rẹ̀ ń sọ: a dì í, a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí orúkọ yìí ti ń rìn. Nínú àdìrẹ oníko, ìko ni a fi ń di aṣọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni a fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára rẹ̀ kí aró má baà wọ ibẹ̀, a kò sì di ohunkóhun, síbẹ̀ àdìrẹ ni àwọn ìyá wa pè é. Nígbà tí kàmpálà dé, àbẹ́là yíyọ́ rọ́pò ẹ̀kọ, àwọ̀ inú agolo rọ́pò èlú, ewé tí a fi ń ṣe aró, orúkọ náà tún gbà á mọ́ra. Dídì ló kọ́kọ́ lọ, èlú tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rọ bá wá mú rírẹ náà lọ, kí ló kù? Èmi kò lè gba ìyẹn.

Olùkọ́ Aké: Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ mìíràn tó ti rìn jìnnà, Tòkunbọ̀, kún un. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a ń sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ àlòkù tó gba orí ilẹ̀ wọlé láti Kútọnu pàápàá ń jẹ́ tòkunbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àlùfáà: ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ó tó wọ inú Bíbélì Yorùbá tó pé ní 1884. Kò sí ẹni tí ìyẹn tàn jẹ. Ti àdìrẹ yàtọ̀, nítorí pé owó iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń gbà lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ, aláró sì ń pàdánù oníbàárà.

Ọmọ Kẹ́mta: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ka èsì yín fún ìyá àgbà. Wọ́n ní kí n gbé ìró oníko wọn àtijọ́ wá, mo sì yí i wò: bí iwájú ṣe dúdú ni ẹ̀yìn náà dúdú. Aṣọ títẹ̀ ni mo ń pe tèmi báyìí.