Ẹ sọ tiyín: ọjọ́ tẹ́ ẹ kó gbogbo ilé lọ ra ọjà ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá Ìbejì Agége:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní Balógun lòun ti máa ra léèsì, pé èyí tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa kò ní láárí. Wọ́n tún ní kí gbogbo wa jọ lọ, tọmọtọmọ, káwọn ọmọ lè mọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Èkó. Ọkọ mi ti ń wá ibi tó máa sá gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọmọ lọ rí, báwo ló ṣe rí? Ọjọ́ wo ló dáa jù?

Ọmọ Àgàrawù:
Ọmọ ibẹ̀ ni mí, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ẹ má gbé mọ́tò lọ. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí nìkan á ti mú kí ọjà sú yín. Ẹnì kan á ní òun ló ni iwájú ilé, ẹlòmíì á ní òun ló ń bá yín ṣọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá sì padà dé, ẹnì kẹta tẹ́ ẹ ò rí rí ló máa na ọwọ́ fún owó. Láti September 2023 tí rélùwéè aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina ni èmi ò ti fi mọ́tò gun afárá lọ ra ọjà mọ́.

Àwa àtàwọn ọmọ la wọ̀ ọ́ lásìkò ọdún. Bó ṣe kúrò ní National Theatre tó gun orí ọ̀sà báyìí, gbogbo wọn ya sójú fèrèsé. A sọ̀ ní Marina, a fẹsẹ̀ gba Broad Street dé Tinúbú, mo wá ní kí n fi Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey hàn wọ́n ní Martins Street. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí yẹn. Ọ̀kan lára àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil dé, ni João Baptista da Costa tó kọ́ ọ, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lójú ilé yẹn! Mo ń ṣàlàyé, mo ń nawọ́ sókè, mi ò mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ àti kọ́mú tí wọ́n tò sílẹ̀ lẹ́bàá títì làwọn ọmọ ń wò. Èyí àgbà ní, "Dádì, ṣé wọ́n ń ta áísìkirí-ìmù níbí?"

Ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọjà. Ọmọ tí ebi bá ń pa, ẹ ò ní lè bá a ná nǹkan kan.

Sísí Ẹlẹ́sẹ̀ Dídùn:
Bàtà pẹlẹbẹ. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá Fárúùkù:
Ẹ̀yin ń sọ ti rélùwéè, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, ọjà Gbájúmọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Bàbá Fárúùkù ló di ọwọ́ àbíkẹ́yìn wa mú. Alábàárù kan kàn já wọ àárín wọn pẹ̀lú ẹrù aṣọ ràgàjì lórí, ó ń pariwo "Ẹ yà o! Ẹrù ò mọ olówó o!" Kó tó kọjá tán, ọmọ ò sí mọ́.

Mo figbe ta. Ẹ ò ní gbàgbọ́, gbogbo aláṣọ tó wà ní ìlà yẹn ló dìde. Ẹnì kan ké e, "Ọmọ ọkùnrin, ẹ̀wù yẹ́lò!" ìsọ̀ kejì gbà á, ìsọ̀ kẹta gbà á, igbe yẹn ti dé ìkóríta kí èmi tó gbé ẹsẹ̀. Ìyá oníbọ́tìnnì kan ló ti gbé e jókòó sórí àpótí, ó fún un ní bisikíìtì, ó sì ti ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"
"Mọ́mì."
"Bàbá rẹ ńkọ́?"
"Dádì."
"Níbo lẹ̀ ń gbé?"
"Ilé wa."

Ìgbà tí mo débẹ̀ tí ara mi ń gbọ̀n, ọmọkùnrin mi wojú mi, ó ní ṣé mo máa ra irú bisikíìtì yẹn fóun. Mo fẹ́ fún ìyá náà lówó, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tó bá wù mí, kí n ra bọ́tìnnì. Mo rà á débi pé a ò rí ẹ̀wù tó máa gbà á tán nílé títí dòní.

Ìyàwó Olóyè:
"Ilé wa" 😂😂😂 Ọmọ yìí ò purọ́ o!

Bọ̀dé Gidi:
Ẹ má bínú, mà. Kí lọmọ kékeré ń wá ní Gbájúmọ̀ lọ́sẹ̀ Iléyá?

Màmá Fárúùkù:
Ṣé kí n gbé e wá sọ́dọ̀ yín ni? Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, bọ̀dá.

Bọ̀dé Gidi:
Ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, mà. Ìbéèrè ni mo béèrè.

Ìyá Aláró:
Ẹni tí ò bá ní ẹni tó máa bá a wo ọmọ nílé ò ní rí ọgbọ́n míì dá, Bọ̀dé. Kí á kọ́ wọn ní orúkọ wa ló kù. Orúkọ tó wà lórí ìwé o, kì í ṣe Mọ́mì. Èmi máa ń kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ìwé pélébé, mo sì ń fi abẹ́rẹ́ há a sí inú ẹ̀wù wọn. Mo ti fi báírò kọ ọ́ sí wọn lápá rí, òógùn pa á rẹ́ ká tó dé Ìdúmọ̀tà.

Ọmọ Àgàrawù:
Láyé ìgbà tí à ń dàgbà, ọmọ kì í sọnù ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo ilé ló mọ ọmọ ilé kejì.

Bọ̀dé Gidi:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé gbọ́mọgbọ́mọ ò tíì délé ayé nígbà yẹn ni? Ta ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde lálẹ́?

Ọmọ Àgàrawù:
😂 O ti mú mi.

Ọmọ Mẹ́síọ̀gọ̀:
Ìdí nìyí táwa fi ń lọ Gbági tiwa n'Ìbàdàn. Ààyè wà, èèyàn ń mí, ọmọ ń sáré kiri. Tí Gbági bá sì jìnnà síni, Àlẹ́ṣinlọ́yẹ́ wà ńlẹ̀.

Ìyàwó Olóyè:
Gbági tó jẹ́ pé Èkó làwọn náà ti ń kó ọjà wá?

Ọmọ Mẹ́síọ̀gọ̀:
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Gbági àtijọ́ ṣì wà ní Lebanon Street, ìyá mi sọ pé ará Èkó ń wọkọ̀ wá ra aṣọ níbẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà yín.

Bàbá Láfíàjí:
Àgbà kan rèé, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. 😄 Ẹ̀yin ọmọ, tiwa yàtọ̀. Oṣù December ni bàbá mi máa ń kó wa lọ Kingsway, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Marina nígbà yẹn, lọ kí Bàbá Kérésì. A máa tò lórí ìlà, a wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, a ò gbọdọ̀ jókòó kó má baà rún. Ẹnikẹ́ni ò ná ọjà níbẹ̀, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ nǹkan náà niye rẹ̀. Ìyẹn ń bí màmá mi nínú. Ìdúmọ̀tà ni wọ́n máa ń dúró dè wá sí, nídìí ère Sójà, tí wọ́n bá ti parí ìnájà tiwọn. Wọ́n ti yọ Sójà kúrò tipẹ́, Ẹ̀yọ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibi ìpàdé ṣe pàtàkì, Ìyá Ìbejì. Ẹ mú ibì kan tẹ́ ẹ máa pàdé kẹ́ ẹ tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, torí fóònù kì í gbọ́ dáadáa láàárín àwọn ilé yẹn.

Adékọ́yà Ọmọ Ìlú:
Ẹ tún mú wọn dé Ilojo Bar ní Tinúbú, ilé Àgùdà gidi nìyẹn.

Bàbá Láfíàjí:
Ọmọ mi, ó pẹ́ tóo ti débẹ̀. Wọ́n ti wó o ní 11 September 2016. Ilé tí ìjọba ti kéde ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956! Ọjọ́ tí mo gbọ́, oúnjẹ ò wọ̀ mí lọ́fun.

Adékọ́yà Ọmọ Ìlú:
Áà! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà.

Ọmọ Àgàrawù:
Water House ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n ní Kakawa Street, ilé àwọn da Rocha. Omi kànga ibẹ̀ ni wọ́n ń tà fún ará Èkó láyé ọjọ́un. Tó bá sì rẹ̀ yín, Freedom Park ò jìnnà, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀. Ẹ ní káwọn ọmọ lọ sáré níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi jókòó.

Ìyá Ìbejì Agége:
Ẹ̀yin èèyàn mi, léèsì ni mo béèrè o!

Àǹtí Onígèlè:
Má dá wọn lóhùn, gbọ́ tèmi. Sunday, ọjà ò sí. Saturday, ẹ máa máa fi èjìká rìn. Tuesday tàbí Wednesday láàárọ̀ ló dáa, táwọn ọmọ bá wà ní họ́lídè. Àwọn ọmọkùnrin tó bá ń pè yín lójú ọ̀nà pé "Àǹtí, léèsì wà, ẹ wá wò ó lókè," ẹ má tẹ̀ lé wọn. Owó tiwọn ti wà lórí aṣọ yẹn kẹ́ ẹ tó gun àtẹ̀gùn.

Ẹ sì jẹ́ kí ìyá ọkọ yín ló ṣíwájú. Tèmi bá mi lọ rí. Ọkùnrin náà ní ₦85,000 fún ọ̀pá márùn-ún. Ìyá ò dá a lóhùn. Wọ́n tú aṣọ náà, wọ́n di igun méjèèjì mú, wọ́n gbọ̀n ọ́n yẹ̀rì bí ẹni ń gbọn ẹní. Òkúta mẹ́ta já bọ́ sílẹ̀ jìngín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa òkúta náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, wọ́n ní, "Gba tìrẹ. Kí lo wá fẹ́ gbà fún ìyókù?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, olóun náà ń rẹ́rìn-ín. ₦42,000 la san, ó sì fi gèlè kan ṣe èènì.

Ìyàwó Olóyè:
Ẹ yá mi ní ìyá ọkọ yìí. Mo máa dá wọn padà.

Tóún Peckham:
Rye Lane ní London níbí, tí mo bá gbọn aṣọ báyẹn, wọ́n máa ní kí n jáde ni.

Bọ̀dé Gidi:
Ta ló ń sanwó alábàárù nínú gbogbo ètò yìí?

Màmá Fárúùkù:
Ẹ̀yin ni, bọ̀dá.

Ọmọ Mẹ́síọ̀gọ̀:
₦42,000? Léèsì yẹn kan náà, ₦35,000 ni ní Gbági.

Àǹtí Onígèlè:
Ṣé wọ́n ti gbọ̀n ọ́n?

Ọmọ Mẹ́síọ̀gọ̀:
Ẹ wá gbọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ìyàwó Olóyè:
Ta ló máa sanwó ọkọ̀?