Kámẹ́rà wo ló dáa fún ẹyẹ yíyà, tí owó ò ní pọ̀ jù?

Ọmọ Ọ̀pá: Ẹ kú iṣẹ́, ará Ifẹ̀. Mo fẹ́ máa ya ẹyẹ nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Fóònù mi ò mú wọn rárá. Ẹ̀ga tó ń hun ìtẹ́ lórí ọ̀pẹ kàn ń jáde bí ẹ̀kán àwọ̀ lásán ni. Agbára mi ò ká kámẹ́rà tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀. Èwo ni kí n rà?

Ìyá Ìbejì: Wá Nikon P900 tòkunbọ̀, àbúrò. Ọdún 2015 ló jáde, lẹ́ńsì rẹ̀ dé 2000mm (bí mm bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra tó). Àwòdì tó bà sórí ìrókò, wàá rí ẹyinjú rẹ̀!

Bàbá Àdán: Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ rò. Àwọn àdán ọgbà yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fò jáde. Tí lẹ́ńsì P900 bá nà tán, f/6.5 ló ń bọ́ sí (bí nọ́ńbà f bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe kéré tó), àwòrán á ṣókùnkùn. Panasonic FZ300 ò kọjá 600mm, àmọ́ f/2.8 ló wà jálẹ̀, wọ́n sì dí i nítorí eruku. Ìyẹn wúlò púpọ̀ lásìkò ọyẹ́. Kó o tó sanwó, na lẹ́ńsì náà tán, kó o ya ògiri funfun. Tó o bá rí àbàwọ́n dúdú, eruku ti wọnú rẹ̀, má rà á.

Ọmọ Ọ̀pá: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. FZ300 ni màá wá. Báwo ni ọwọ́ ò ṣe ní máa gbọ̀n?

Bàbá Àdán: Gbé e sójú, má nà án síwájú bíi fóònù. Fún ìgunpá méjèèjì mọ́ ìhà. Tí ẹyẹ bá ń fò, jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá péré.