Ìyàwó mi gba ife ọtí lọ́wọ́ ọmọ wa lójú àlejò: ìgbà wo gan-an ni ó yẹ kí òbí jẹ́ kí ọmọ tọ́ ọtí wò?

Bàbá Àkọ́bí (olùbéèrè)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ó di ọjọ́ kẹta lónìí tí n kò ti rí oorun sùn dáadáa, n kò sì ní ẹni tí mo lè rò ó fún, nítorí pé àwọn tí ó sún mọ́ mi ti gbè sẹ́yìn ìyàwó mi kí n tó la ẹnu.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìdílé rẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi bu wáìnì fún àwọn ọmọ tirẹ̀, èmi náà sì bu díẹ̀ sínú ife ọmọkùnrin wa, mo ní kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyàwó mi ti ibi tí a ti ń dáná jáde, ó rí ife náà, ó gbà á lọ́wọ́ ọmọ, ó sì lọ dà á nù. Kò sọ ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí nínú ilé ara mi. Ọdún 15 ni a ti fẹ́ ara wa, kò fi irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ lọ̀ mí rí. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé òun náà máa ń mu wáìnì nígbà tí ó bá wù ú.

Kì í ṣe eré ni mo fi ń ṣe. Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà tí a jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fi ẹnu kan ọtí rí. Ọdún àkọ́kọ́ tí ó kúrò nílé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní ọtí líle mu, wọ́n gbé e sórí ibùsùn pé kí ó sùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé ọmọ tèmi kò ní kọ́ ọtí lọ́wọ́ àjèjì. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ orí wo ni ó tọ́, ta ni ó sì jẹ̀bi nínú èmi àti ìyàwó mi?

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ ti sọ fún wa bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti sọ iye ọdún tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ọjọ́ orí ọmọ. Ṣé ọmọ ọdún 8 ni tàbí ọmọ ọdún 17? Ìdáhùn méjèèjì jìnnà sí ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo tọ́, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi bu ọtí àkọ́kọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí wọ́n pé ọdún 15. Mo jókòó tì wọ́n, mo fi bí ó ṣe ń gun orí hàn wọ́n, mo sì sọ fún wọn pé ẹni tí ó bá mu ún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀. Gbogbo wọn ti di àgbà báyìí, kò sí ọ̀mùtí nínú wọn. Ìyàwó rẹ ni ó ṣi ìwà hù. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, yàrá ni a ti ń sọ ọ́.

Alágbàwí

N ó fi ọ̀rọ̀ òfin kún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin ni yóò dáhùn ìbéèrè yìí. Ní Jámánì, ọmọ ọdún 16 lè ra bíà àti wáìnì, ṣùgbọ́n kò lè ra ọtí líle títí yóò fi pé ọdún 18. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 21 ni, láti ìgbà tí òfin kan ti ọdún 1984 ti sọ pé ìpínlẹ̀ tí ó bá kọ̀ yóò pàdánù lára owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún un láti ṣe ọ̀nà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 18 ni fún rírà, síbẹ̀ òfin kò ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ tí ó ti lé ní ọdún 5 bá mu ún nínú ilé. Ẹ rí i pé bí òfin kò bá tilẹ̀ mú yín, ìyẹn kò fi hàn pé ara ọmọ lè gbà á.

Olùkọ́

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta kò tó láti fi ṣe òdiwọ̀n. Èrò pé ọmọ tí ó bá kọ́ ọtí nílé kò ní mu ún yó níta, èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, títí mo fi ka ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà. Wọ́n tọ ọmọ tí ó lé ní 1,900 àti òbí wọn lẹ́yìn fún ọdún 6, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2018. Àwọn ọmọ tí òbí ń fún ní ọtí kò bọ́ lọ́wọ́ ewu ju àwọn yòókù lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, mímu àmuyó àti ìpalára pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fún ní ọtí lọ. Wọ́n tún rí i pé ọmọ tí òbí ń fún ní ọtí tètè máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú. Òbí ti bá a ṣí ilẹ̀kùn, kò sì sí ìdí tí yóò fi dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Olùkọ́, ìwádìí kò bá mi tọ́ ọmọ. Bóyá àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń wá ọtí kiri tẹ́lẹ̀ ni òbí wọn ń fún, kí wọ́n má baà lọ jí i mu.

Olùkọ́

Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí náà ro ìyẹn, wọ́n sì gbìyànjú láti ṣírò irú ilé àti irú ẹgbẹ́ tí ọmọ ní mọ́ ọn. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó bá tọ́ ọ wò ni yóò di ọ̀mùtí. Ohun tí mo sọ ni pé ààbò tí a rò pé ó wà níbẹ̀, wọn kò rí i.

Bàbá Àkọ́bí (olùbéèrè)

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi gan-an. Ọ̀rọ̀ yàrá ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ní ti ọmọ náà, ó ti tó ọkùnrin, ó ti ń bá mi dọ́gba ní èjìká, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

Ìyá Ìbejì

Bàbá, èjìká kọ́ ni mo béèrè.

Bàbá Àkọ́bí (olùbéèrè)

Ó pé ọdún 13 ní oṣù tó kọjá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọdún 15 àti 16, n kò sì fẹ́ kí ó jókòó láàárín wọn bí ọmọ ọwọ́.

Àbíkẹ́yìn

Ọdún 13! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Bàbá mi fẹ́ràn kí n gbé ife rẹ̀ wá fún un, a sì máa jẹ́ kí n mu ìyókù ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún 10 ni mí nígbà náà, inú mi sì máa ń dùn nítorí pé ìgbà náà nìkan ni ó máa ń gbé mi sórí itan. Nígbà tí mo pé ọdún 19, n kò lè sùn láìmu ọtí. Ó gbà mí ní ọdún 11 kí n tó bọ́. N kò kórìíra bàbá mi, ó ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọtí, ìfẹ́ bàbá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ìyẹn gan-an ni ó sì jẹ́ kí ó ṣòro fún mi láti fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so ó mọ́ ara yín nínú ọkàn ọmọ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka ọpọlọ tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi tó nǹkan bí ọdún 25, ìgbà tí ó sì ń dàgbà ni ọtí lè ṣe é ní ibi jù. Ọ̀gá àgbà àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Alágbàwí sọ pé òfin kò dá ọmọ dúró nínú ilé, gba àwọn òbí níyànjú ní ọdún 2009 pé kí ìgbà èwe má ní ọtí nínú rárá ni ó dára jù, àti pé bí ọmọ yóò bá mu ún, kò gbọdọ̀ ṣáájú ọdún 15. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu fún ìlera, ti àgbà pàápàá. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ní ọjọ́ orí, n ó ní kí ẹ dúró di ọdún 18, kí ẹ má sì kánjú nígbà náà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni ó wọ̀ mí lára jù, bàbá. Kì í ṣe nítorí pé òbí rẹ̀ kò bu ọtí fún un ni ó ṣe kú. Ọtí tí ó pọ̀ jù máa ń pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́ débi pé ènìyàn lè gbàgbé láti mí, tàbí kí èébì há a lọ́fun láìjí. Àwọn tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá mu ún débi tí a jí i tí kò jí, a kì í fi sílẹ̀ kí ó sùn. A máa ń dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, a jókòó tì í, a sì pe ọkọ̀ àwọn oníṣègùn. Ẹ̀kọ́ yẹn ni ó yẹ kí ẹ fún ọmọ yín. Ẹ lè kọ́ ọ lálẹ́ òní láìsí ife kankan lórí tábìlì.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Ìyá tí òun fúnra rẹ̀ máa ń mu wáìnì, tí kò sì bá yín jiyàn rí, tí ó wá gba ife lọ́wọ́ ọmọ láìsọ̀rọ̀, ó jọ pé ẹ̀rù ni ó bà á, kì í ṣe ìwọ̀sí ni ó fẹ́ fi lọ̀ yín. Ǹjẹ́ ọmọ yìí ń lo oògùn kankan?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Nọ́ọ̀sì, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ìdajì ife ni.

Bàbá Àkọ́bí (olùbéèrè)

N kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ ti béèrè, ó ń lo hóró oògùn kan ní àárọ̀ àti ọ̀kan ní alẹ́. Ó máa ń ṣubú nígbà kan, ara rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Ó ti lé ní oṣù 14 báyìí tí kò ṣe é mọ́, mo sì gbà pé ó ti lọ. A kò sọ ọ́ fún ìdílé mi, nítorí pé ẹ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ó ń ṣe bí àwọn ọmọ tirẹ̀.

Mo sì ṣọ́ra. Ife méjì ni ó ti mu kí ìyá rẹ̀ tó dé bá ẹ̀kẹta, nítorí náà n kò fún un ní oògùn alẹ́ ọjọ́ náà, kí oògùn àti ọtí má baà pàdé nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Àbúrò mi, mo kó gbogbo ohun tí mo sọ kúrò nílẹ̀. N kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á láìbínú. Ohun tí ẹ kò dárúkọ yẹn, ó jọ wárápá. Oṣù 14 tí kò fi gbé e, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó jẹ́ oògùn náà ni ó dá a dúró. Fífo oògùn wà lára ohun tí ó sábà máa ń mú un padà wá jù, ọtí náà sì lè fà á, pàápàá ní àwọn wákàtí tí ó bá ń kúrò lára. Ẹ fi méjèèjì lé ọmọ náà lórí ní alẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn oògùn wọ̀nyí àti ọtí máa ń mú ènìyàn tòògbé ju bó ṣe yẹ lọ, òmíràn nínú wọn sì lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní ibi. Ṣé ó ti ń lò ó láti ọjọ́ Àìkú?

Ẹ pe dókítà tí ó kọ oògùn náà lọ́la, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe fún un ní hóró méjì láti fi dí èyí tí ẹ fò, àfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbé e, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ pe ọkọ̀ àwọn oníṣègùn.

Ìyá Ìbejì

Ìyàwó yín kò sọ̀rọ̀ lójú àlejò nítorí pé ó ń bá yín pa àṣírí ọmọ yín mọ́. Ẹ̀yin ni ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ ọ́. Kí ni ó ṣẹ́kù fún un láti ṣe ju kí ó gba ife náà lọ?

Bàbá Àkọ́bí (olùbéèrè)

Ó ti ń lò ó láti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, n kò tún fo ọ̀kan mọ́. Mo ti fún un ní ti alẹ́ òní, mo sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Ó bi mí pé ṣé mo ń bínú sí òun ni. Mo ní rárá.

Ìyá Ìbejì, n kò rò ó dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń dúró kí ó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Kò tíì mọ̀ nípa oògùn tí mo fò, kò sì mọ̀ pé ife méjì ti ṣáájú èyí tí ó dà nù. Iná yàrá rẹ̀ ṣì ń tàn. Mo ń lọ sọ fún un.