Fáńdéṣọ̀n ń sán lójú mi kí ọ̀sán tó pọ́n: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìyàwó, Òkè-Fíà

Ẹ kú ilé o. Ẹni ọdún 58 ni mí, Òṣogbo níbí ni mo ń gbé, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin yóò sì ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù Kejìlá. Nígbà tí a ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní oṣù tó kọjá, a pe ọmọbìnrin kan kí ó wá bá mi kun ojú. Ó ṣe tán ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, mo wo dígí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di aago méjìlá, fáńdéṣọ̀n náà ti kó jọ sínú àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi, abẹ́ ojú mi ti hun jọ bí ewé gbígbẹ, bí mo bá sì rẹ́rìn-ín, ńṣe ni ó ń sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó dùn mí jù ni fọ́tò: ojú mi funfun, ọrùn mi dúdú, àbúrò mi obìnrin sì bi mí léèrè pé ṣé inú àpò láfún ni mo sùn mọ́jú ni.

N kò bóra rí láyé mi. Òrí ni mo ń fi pa ojú ní alaalẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra èyí tó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n sì máa fi páúdà kún un ní wákàtí wákàtí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí ojú tó ti dàgbà kò gba mekọ́ọ̀pù mọ́?

Akunjú, Ìgbọ̀nà

Ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀, mà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kó yẹ wá. Ojú yín gba mekọ́ọ̀pù dáadáa. Wọ́n kàn kun ún bí ẹni ń kun ojú ọmọ ogún ọdún ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ ogún ọdún ní òróró lójú tí ó ń jẹ́ kí páúdà púpọ̀ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn àwọn ọ̀rẹ́ yín. Bí fáńdéṣọ̀n bá ti ń ki sí i ni èyí tí yóò kó sínú ìlà ń pọ̀ sí i, páúdà tí a bá sì ń dà lé e lórí yóò máa fa ìwọ̀nba omi tí ó kù lára awọ mu títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí yóò sì sán.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú kí a tó ṣí ìgò fáńdéṣọ̀n rárá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fi ọṣẹ tí kò le bọ́jú. Ọṣẹ dúdú dára, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí awọ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ tún gan sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Kí omi tó gbẹ tán lójú yín, ẹ fi ìpara tó ní glycerin tàbí hyaluronic acid nínú pa á, torí àwọn méjèèjì máa ń di omi mú sára awọ, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ lo práímà, ìyẹn ìpara tí a máa ń fi sójú ṣáájú fáńdéṣọ̀n, ibi tí ihò ara ti là, bíi ẹ̀gbẹ́ imú, nìkan ni kí ẹ fi sí. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí pàápàá kì í wò: bí ẹ bá rí dimethicone láàárín àwọn èròjà tí wọ́n kọ ṣáájú sẹ́yìn práímà, silicone, èròjà yíyọ̀ tí kì í pò mọ́ omi, ló pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í sábà bá fáńdéṣọ̀n tí a fi omi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ńṣe ni yóò máa yí kúrò lójú ní kóró kóró, bí ìdọ̀tí ṣe ń yí kúrò lára nígbà tí a bá ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ara.

Ní ti fáńdéṣọ̀n fúnra rẹ̀, èyí tó ṣàn, tó sì ń dán díẹ̀, ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ matte sí lára, ìyẹn èyí tí kì í dán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ojú, níbi tí àwọ̀ kò ti dọ́gba, kí ẹ mú fóòmù tí ẹ ti rẹ sínú omi, tí ẹ sì ti fún dáadáa, kí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ láìfà á, kó máa fẹ́lẹ́ sí i bí ẹ ṣe ń lọ sí ìhà etí àti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ibi tó bá ṣì ní àbàwọ́n nìkan ni kí ẹ tún fi díẹ̀ lé. Fún abẹ́ ojú tó dúdú, ìpara aláwọ̀ ọsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, díẹ̀ bín-ín-tín, nítorí òun ló ń pa dúdú tó dà bí aró yẹn rẹ́. Bí a bá fi kọnsílà, ìpara tó ki tí a fi ń bo àbàwọ́n, nìkan lé e, yóò rí bí eérú. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ́rìn-ín sí dígí, ẹ fi ìka tó mọ́ nu èyí tó bá kó sínú ìlà, kí ẹ tó fi páúdà ìwọ̀nba sí iwájú orí, imú àti àgbọ̀n. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Bí ojú bá ń dán lọ́sàn-án, bébà rírọ̀ ni kí ẹ fi tẹ òróró náà kúrò. Ẹ má fi páúdà lé e.

Ti fọ́tò yẹn, mo rò pé páúdà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Silica wà nínú ọ̀pọ̀ páúdà funfun tí à ń lò, titanium dioxide àti zinc oxide sì wà nínú àwọn ìpara kan tó ń dènà oòrùn. Wọ́n máa ń dá iná kámẹ́rà padà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi fóònù tó ń tan iná yà yín. Ó sì lè jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ kò bá yín mu ni. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iná inú ṣọ́ọ̀bù: ẹ fi díẹ̀ sí egungun àgbọ̀n títí dé ọrùn, ẹ jáde síta sínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, kí ẹ sì rìn yípo ọjà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ọ̀pọ̀ fáńdéṣọ̀n máa ń dúdú sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà lójú fún ìgbà díẹ̀. Ọlọ́jà yóò kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Àlàyé yìí dára, ẹ jẹ́ kí n fi ti inú ara kún un. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, èròjà estrogen inú ara máa ń lọ sílẹ̀, òróró tí awọ ń pèsè á dínkù, collagen tí kì í jẹ́ kí awọ dẹ̀ á dínkù pẹ̀lú, awọ á fẹ́lẹ́, kò sì ní lè di omi mú bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ọyẹ́ oṣù Kejìlá bá tún wá fẹ́ lù ú, ìpara àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè tún un ṣe. Láti ìsinsìnyí ni kí ìyá ìyàwó ti máa lo ìpara náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Oòrùn náà ń dá kún ìlà àti àbàwọ́n ojú. Melanin, èròjà tó ń mú kí awọ dúdú, ń gbèjà àwa aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n kò gbà wá tán.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn ìpara àdàlù inú ike tí kò lórúkọ, tí wọ́n máa ń tà fún ìyá ìyàwó pé yóò mú ojú dọ́gba kí ọjọ́ tó pé. Òmíràn ní steroid nínú, èyí tó ń mú kí awọ túbọ̀ fẹ́lẹ́. Òmíràn ní mercury, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí ẹ bá rà. Ẹ tún wo àwòrán agolo kékeré tí ìdérí rẹ̀ ṣí: bí wọ́n bá kọ 12M sínú rẹ̀, oṣù 12 ni ẹ fi lè lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí ẹ mọ̀ bí yóò yún yín. Àwọn kókó dúdú kéékèèké tó máa ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bí a ṣe ń dàgbà kì í sábà ṣe àrùn. Ẹ má ha wọ́n, ẹ má sì torí wọn rẹ́ ojú bí ògiri.

Ìyá Aláró

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni ọdún 71 ni mí, adìrẹ ni mo fi jẹun. Aṣọ tuntun tó ti ilé iṣẹ́ dé máa ń ní sítáàṣì lára, bí a kò bá sì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kúrò, ibì kan yóò mu aró, ibì kan yóò kọ̀ ọ́, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì máa dá aró lẹ́bi. Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú akunjú pé awọ ni ká kọ́kọ́ tọ́jú.

Ibi tí n kò ti bá a lọ ni pé gbogbo ìpara tó dárúkọ jẹ́ ti inú ìgò, kò sì sọ nǹkan kan nípa òrí tí obìnrin náà ní òun ń lò. Nígbà ọyẹ́, èmi máa ń mú òrí tí kò ju ẹ̀wà kan lọ, n óò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, n óò fi tẹ ojú, wákàtí kan lẹ́yìn náà ni n óò fi bébà nu èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí n tó kun ohunkóhun. Kì í sán lójú mi. Ẹ sì rántí gèlè: ẹ jẹ́ kí fáńdéṣọ̀n fẹ́lẹ́ púpọ̀ létí irun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ ni yóò gbé e lọ.

Akunjú, Ìgbọ̀nà

Ẹ ṣé, ìyá wa. Ohun tí mo ń bẹ̀rù nínú òrí ni pé bí ó bá pọ̀, fáńdéṣọ̀n yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀, kò ní dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá nù ún bí ẹ ṣe wí yẹn, n kò ní àríyànjiyàn, pàápàá bí ó bá wà lórí ìpara olómi, tí ó kàn ń dé omi náà mọ́ awọ.

Ìyá Ìyàwó, Òkè-Fíà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Sátidé nígbà tí mo lọ sí ìsọmọlórúkọ kan, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kun ún. Nígbà tí mo gbé èyí tí a lò níjọ́sí jáde sí oòrùn, mo rí i pé ó mọ́lẹ̀ ju ọrùn mi lọ gan-an, mo sì fi í fún àbúrò mi. Èyí tí mo rà dípò rẹ̀ rí bákan náà pẹ̀lú mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó dúdú sí i kí n tó rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ. Mo padà lọ pààrọ̀ rẹ̀, ọlọ́jà sì kùn lóòótọ́.

Mo lo ìpara, mo fi òrí bí Ìyá Aláró ṣe wí tẹ̀ lé e, mo sì nù ún. Títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú mi ṣì jọ̀lọ̀, imú nìkan ló ń dán. Abẹ́ ojú ṣì hun jọ díẹ̀, mo sì rò pé kọnsílà ni. N óò yọ ọ́ kúrò, n óò fi aláwọ̀ ọsàn yẹn nìkan síbẹ̀, kí fáńdéṣọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tó kun ojú mi níjọ́sí pé kó wá fi ojú mi dánra wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní òun yóò mú gbogbo páúdà òun dání. Mo ní kó mú ẹyọ kan wá.