Géètì tuntun ọgbà ìṣeré: tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi ní Òṣogbo, àwọn ọmọ wà ní London

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ẹ gbà mí! Òṣogbo ni mo wà, mo wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun. Ọ̀la ni bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ọgbà ìṣeré lẹ́yìn odi London. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, inú áàpù tèmi ni gbogbo ẹ̀ wà. Mo ti fi screenshot ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ wọ́n ní géètì ibẹ̀ ti yí padà, kóòdù tó ń yí ni wọ́n ń lò báyìí. Iná sì ti lọ níbí, bátìrì mi ń tán lọ.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀, Birmingham: Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ ṣí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹ wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan. Tí àwọn àmì inú kóòdù bá ń pààrọ̀, screenshot ti kú nìyẹn. Aago ni géètì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹ yà láàárọ̀ ti kọjá àkókò ẹ̀. Tó bá dúró sójú kan, ẹ ní kí bàbá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó tán.

Bàbá Dallas: Screenshot kì í kú níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ ọgbà ṣì ń kà á. Ẹ má dẹ́rù ba ìyá oníyàá.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀, Birmingham: Bàbá Dallas, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní ó ń yí.

Bàbá Dallas: "Wọ́n ní" ni wọ́n kọ. Ta ló ní? Kí wọ́n kọ́kọ́ fojú ara wọn rí i.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ṣí i. Ó ń yí o.

Bàbá Dallas: Ó dáa. Mo dákẹ́.

Ọmọ Alékúwodò, Leeds: Ẹnu géètì ni mo ti ń jẹun, ẹ gbọ́ tèmi. Transfer ni kí ẹ ṣe, kí tíkẹ́ẹ̀tì kúrò nínú áàpù tiyín bọ́ sínú tiwọn. Ẹ tẹ orí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Transfer sí, ẹ mú márààrún, ẹ kọ ímeèlì bàbá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tiwọn nínú áàpù yẹn, kó sì jẹ́ ímeèlì tí ẹ kọ gan-an ni wọ́n fi ṣí i. Lẹ́tà kan tó bá ṣì, tíkẹ́ẹ̀tì á máa rìn gbéregbère. Wọ́n á tẹ Accept. Bí wọ́n bá ti gbà á, tiyín kú lójú ẹsẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Kí wọ́n gbà á lálẹ́ òní o. Tí èrò bá ti kún ẹnu géètì láàárọ̀, gbogbo èèyàn ló ń fa íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, áàpù á kàn máa yí lójú kan.

Ìyá Ìbejì: Áàpù ní òun fẹ́ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù mi kóun tó gbà. Kò dé. Síìmù ilé ló wà nínú fóònù.

Ọmọ Alékúwodò, Leeds: Síìmù London ló ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ dá a padà sínú fóònù, ẹ tan roaming, kó lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, ẹ pa dátà ẹ̀. Gbígba ọ̀rọ̀ kì í sábà jẹ owó, dátà ló ń jẹ ẹ́. Tí áàpù bá fún yín láyè láti yan ímeèlì, ìyẹn ló yá jù.

Àǹtí Peckham: Tó bá ti dé ọwọ́ bàbá, kí wọ́n fi í sínú Wallet, àpò tíkẹ́ẹ̀tì inú fóònù, ti Apple tàbí ti Google. Kò nílò dátà mọ́ ní ẹnu géètì. Kí wọ́n sì yọ gíláàsì dúdú tí wọ́n fi bo ojú fóònù kí èèyàn má bàa yọjú wo ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn ọkùnrin yìí! Géètì náà ò ní rí nǹkan kan láti ẹ̀gbẹ́.

Ọmọ Alékúwodò, Leeds: Òótọ́ ni àǹtí sọ. Kámẹ́rà kékeré ló wà lábẹ́ gíláàsì géètì tuntun. Ó gbọ́dọ̀ rí gbogbo kóòdù pẹ̀lú ààyè funfun tó yí i ká. Àwọn èèyàn á wá fi fóònù lẹ gíláàsì mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fì í sọ́tùn-ún sósì. Kámẹ́rà ò lè rí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Gbé e sókè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, dúró jẹ́jẹ́, kó o sì tan ojú fóònù dé òkè. Bátìrì tó bá ti wà ní Low Power, ìyẹn ìfowópamọ́ iná, máa ń mú ojú fóònù ṣókùnkùn, ẹ pa ìyẹn náà.

Ọmọ Ayétòrò, Houston: Tí ojú fóònù bá fọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ mọ̀ 😂

Ọmọ Alékúwodò, Leeds: Ibi tó fọ́ ló ṣe pàtàkì. Kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, QR ni wọ́n ń pè é, ó ní igun mẹ́rin, àpótí kékeré wà ní mẹ́ta nínú wọn. Àwọn mẹ́ta yẹn ni kámẹ́rà kọ́kọ́ ń wá. Tí ojú fóònù bá fọ́ láàárín, ó ṣì lè kà á, torí àwọn ará Japan tó ṣe é ní 1994 ti fi àsọtúnsọ sínú ẹ̀, kí apá tó kù lè dípò èyí tó bàjẹ́. Ìpele mẹ́rin ló ní, èyí tó kéré jù lè gba ìbàjẹ́ 7 nínú 100, èyí tó ga jù gba 30. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àpótí igun ló fọ́, ẹ lọ sí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dá ìlà dúró.

Bọ̀dá Orlando: Ti Disney níbí yàtọ̀. Káàdì tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ lo máa fi kan ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà lo máa gbé ìka lé e, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 3. Ìka tó o lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kó o lò lọ́jọ́ kejì. Ẹ nu òrí kúrò lọ́wọ́ ọmọ kó tó dé ibẹ̀, gíláàsì yẹn ò fẹ́ràn ọ̀rá. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ìka lé e lè mú káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò wá.

Àǹtí Peckham: Kí bàbá náà má sì kọ́kọ́ wọlé o! Ẹni tó mú fóònù ló ń wọlé kẹ́yìn. Ẹ kò rí i bí àwọn bàbá ṣe máa ń kọjá tán, àwọn ọmọ á wá dúró lóde bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Bàbá Dallas: Kí ọmọ ọdún mẹ́rin kọ́kọ́ wọlé, kó máa dá lọ? Bàbá ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, kó na fóònù padà sẹ́yìn.

Àǹtí Peckham: Na fóònù gba orí géètì onígíláàsì? Bàbá Dallas!

Ọmọ Alékúwodò, Leeds: Àgbà nínú àwọn ọmọ ló ń kọ́kọ́ wọlé, á dúró sápá kejì. Àwọn kékeré tẹ̀ lé e, bàbá kẹ́yìn. Kóòdù kan, èèyàn kan. Tí iná àwọ̀ ewé bá tàn, kí ọmọ kọjá *kí ẹ tó* yí sí kóòdù tó kàn. Ibi tó ti ń dàrú gan-an nìyí: bàbá á kà á, ọmọ á dúró máa wòran, géètì á tì padà. Ẹ bá tún ka èyí kan náà, iná pupa. Ó ní wọ́n ti lò ó. Ẹ má tún un kà mọ́, ẹ pe òṣìṣẹ́. Ó lè rí i lójú ẹ̀rọ pé ìṣẹ́jú yẹn náà ni wọ́n kà á, á ṣí i fún yín. Ẹni tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, géètì tó fẹ̀ ni kó lọ.

Àti pé kí bàbá mú nọ́ńbà tó wà lórí rísíìtì ìsanwó dání, fọ́tò ojú ìwé ìrìnnà ìyá, àti nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn káàdì tí wọ́n fi sanwó. Ohun tí fèrèsé máa bèèrè nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀, Birmingham: Tí ẹ bá fi àmì ohùn sórí orúkọ yín nígbà tí ẹ ń rà á, ẹ sọ fún wọn o. Ẹ̀rọ wọn máa ń sọ ọ́ di àmì ìbéèrè.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mẹ́rin ti lọ, bàbá ti gbà á. Ìkarùn-ún kọ̀! Ti ọmọ kékeré. Kò gbé Transfer jáde rárá.

Bàbá Dallas: Ṣé ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀? Àwọn kan kì í jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ rìn.

Ọmọ Ayétòrò, Houston: Bàbá Dallas mọ̀ ọ́n o, torí àwọn ló ni ọgbà ìṣeré Six Flags 😂

Bàbá Dallas: Láti 1961! Ẹ̀yin ará Houston ńkọ́? Ọgbà AstroWorld yín dà?

Àǹtí Peckham: Háà! Wọ́n ti tì í pa ní 2005. San Antonio ni wọ́n ń wakọ̀ lọ.

Ọmọ Ayétòrò, Houston: Arlington ni tiyín wà, kì í ṣe Dallas. Àti ẹ̀yin ará London, Surrey ni ọgbà Thorpe Park yín wà. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́.

Ọmọ Alékúwodò, Leeds: Kí òjò tó dá ní Leeds, ẹ ti jà tán.

Bọ̀dá Orlando: *rẹ́rìn-ín ní Florida*

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀, Birmingham: Ìyá Ìbejì, ṣé iná ò tíì dé?

Ìyá Ìbejì: Kò tíì dé. Àmọ́ iná olójú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń tàn lálẹ́ òní ní ààfin. Epo ló ń jẹ, wọn ò lè mú ìyẹn lọ. Mo ń gbọ́ ìlù láti ibi tí mo jókòó sí.

Àǹtí Peckham: Ẹ ò ní pa wá. Ẹ ká ohùn ìlù yẹn sílẹ̀ fún wa, ìṣẹ́jú kan péré.

Ọmọ Ayétòrò, Houston: Àti èrò ọjọ́ Arugbá! Kò sí géètì tó ń ka kóòdù, gbogbo ayé sì ń wọlé.

Bàbá Dallas: Gbìyànjú kó o fi screenshot wọ igbó Ọ̀ṣun.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀, Birmingham: Ẹ bá mi ra àdìrẹ ní Ọjà Ọba, mà. Aláró gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Ọ̀pá márùn-ún. Màá fowó ránṣẹ́ báyìí.

Àǹtí Peckham: Irú fún mi. Kí wọ́n dì í dáadáa o, mo bẹ̀ yín.

Ọmọ Alékúwodò, Leeds: Ẹ dì í lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ má fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú àdìrẹ. Èmi ò fẹ́ nǹkan púpọ̀, ẹ̀lúbọ́ kóńgò kan.

Ìyá Ìbejì: Kílò 23 ni wọ́n fún mi o!